Mo Gba Àgádágodo Lọ́wọ́ Àbúrò Mi, Bẹ́líìtì Gba Ọwọ́ Ẹ̀

Ẹ ti ka àkọlé, ẹ ti mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí mi ò wá síbí wá tọrọ àánú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣépè fún mi, kó ní sùúrù kó kà á tán ná, kí èpè ẹ̀ lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀gá láìnì ni mí nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣa ìdọ̀tí ìlú, kí wọ́n lè tún un lò. Ọkọ̀ á da ìdọ̀tí sílẹ̀, bẹ́líìtì gígùn á máa gbé e kọjá níwájú àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń ṣa ike ń ṣa ike, ẹni tó ń ṣa agolo ń ṣa agolo, páálí lọ́tọ̀, ìgò lọ́tọ̀. Bẹ́líìtì kan àtàwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ là ń pè ní láìnì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, iṣẹ́ náà ń rùn. Omi ṣúgà tó kù nínú ike, òróró ìsàlẹ̀ agolo, ọ̀rá tó ti rà, gbogbo ẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì. Tẹ́ ẹ ò bá ha á kúrò, á gan mọ́ rólà, irin róbótó tó ń yí i lábẹ́, bẹ́líìtì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí ẹ̀ á máa ya díẹ̀díẹ̀.

Òfin kan wà tí gbogbo wa mọ̀ bí orúkọ wa. Ẹni tó bá fẹ́ wọ abẹ́ bẹ́líìtì lọ ha ẹ̀gbin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa á, kó sì fi àgádágodo tiẹ̀ ti súwíìṣì pa. Olúkúlùkù ló ní àgádágodo tiẹ̀. Káàdì so mọ́ ọn, fọ́tò ẹni tó ni ín wà lára káàdì, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ÈMI NI MO WÀ NÍBÍ. MÁ TÀN ÁN. ÈMI NÌKAN NI MO LÈ ṢÍ I. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ní, ọrùn ẹni tó ni ín ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ń gbé. Máníjà gan-an ò lè ṣí i.

Màmá wa ló fa àbúrò mi obìnrin lé mi lọ́wọ́. Aránṣọ ni màmá wa kí ojú ẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí ojú náà kọ̀ tí kò ríran fi okùn sínú abẹ́rẹ́ mọ́, ó kó máṣíìnì ẹ̀ àti gbogbo irinṣẹ́ ẹ̀ fún àbúrò mi. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ńkọ́? Wọ́n gbàdúrà fún mi.

"Mú un dání lọ síbi iṣẹ́ ẹ," màmá wí fún mi. "Kó máa ṣe é títí á fi rí ṣọ́ọ̀bù gbà. Ojú ẹ ni mò ń wò o. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Tépù àtijọ́ màmá wa, èyí tó fi ń wọn èèyàn nígbà ayé ojú ẹ̀, ni àbúrò mi gé lára ẹ̀, tó fi ṣe okùn kọ́kọ́rọ́ sọ́rùn. Ìlà àti nọ́ńbà wà lára ẹ̀ gbagada. Bó ṣe di pé gbogbo láìnì ń pè é ní Télọ̀ nìyẹn. Èmi, wọ́n ń pè mí ní Má-dúró. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti ń pè é, àmọ́ etí mi kì í ṣe ti ọ̀ṣọ́.

Ni ọ̀gá tó ń bójú tó gbogbo láìnì bá fẹ̀yìn tì. Máníjà pe àwa ọ̀gá láìnì sí ọ́fíìsì ẹ̀. Àga ọkùnrin tó lọ náà ṣì wà níbẹ̀, àga tó ń yí bírí, tó ní ìgbápálé. Máníjà gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn ẹ̀.

"Mi ò ní í wo ìwé ẹ̀rí ẹnikẹ́ni," ó ní. "Mi ò fẹ́ gbọ́ àlàyé pẹ̀lú. Ẹni tí bẹ́líìtì ẹ̀ kì í dúró ló máa jókòó síbí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, àga yẹn wọ̀ mí lójú. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, orí ìdúró ni mo wà, iṣan ẹsẹ̀ mi ti yọ síta. Mo sì ń rí ara mi tí mò ń sọ fún màmá pé èmi ni mo wà lórí gbogbo wọn. Mo ń rí i tó ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé, "Àkọ́bí mi ni."

Àmọ́ ta ló ń dá láìnì mi dúró jù? Ọmọ ìyá mi ni. Ọ̀rá tín-ín-rín ló bá lọ́ mọ́ rólà, Télọ̀ á ti pa á. Á kọ́ àgádágodo, á wọ abẹ́ lọ, á ha á, á nù ún, á fọwọ́ yí rólà wò bóyá ó ń yí geere. Bó ṣe ń ṣe aṣọ oníbàárà ló ń ṣe bẹ́líìtì oníbẹ́líìtì.

"Ṣé o fẹ́ ṣẹ́ etí ẹ̀ ni?" mo bi í lọ́jọ́ kan lójú gbogbo èèyàn. "Àbí o fẹ́ fi bọ́tìnnì sí i?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tá a bá tọ́jú ẹ̀ báyìí, ìdúró díẹ̀ ni. Tá a bá jẹ́ kó ya, ìdúró ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni."

Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ náà ló bí mi nínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú òrùka irin kan wá, irin tó ki. Mo ní kí gbogbo wọn mú àgádágodo wọn wá, kí wọ́n tì í mọ́ òrùka náà lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú mi.

"Látòní lọ," mo ní, "kò sẹ́ni tó máa pa bẹ́líìtì láìjẹ́ pé mo sọ ọ́. Bó bá ṣe ń yí lẹ ó máa ha á. Mo ti yọ irin tó bo rólà ìdí ẹ̀. Ọ̀pá gígùn ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ rèé."

Bàbá Páálí, ọkùnrin àgbà tó ń ṣa páálí lórí láìnì wa, yọ àgádágodo ẹ̀, kò tíì tì í.

"Ọ̀gá, èyí kò ní í mú wàhálà wá báyìí?"

"Wàhálà tẹ́ ẹ ní nílé ò tó yín ni?" mo bi í. "Ẹni tó bá fẹ́ máa lọ, ẹnubodè ò jìnnà."

Ó tì í. Gbogbo wọn tì í. Mo gbé òrùka náà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi kóńkóló. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á wọlé wá, oníkálùkù á fi kọ́kọ́rọ́ ọrùn ẹ̀ ṣí tiẹ̀, á so ó mọ́ ìdí, wọ́n á sì kọjá lójú obìnrin tó ń mójú tó ààbò lẹ́nubodè. Tó bá ti rí àgádágodo nídìí gbogbo wọn, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ dáadáa." Inú mi á máa dùn.

Láìnì mi ò sì dúró mọ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń yí ni. Máníjà gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó ní, "Má-dúró, mo ń wò ẹ́ o." Òun náà ti gbọ́ orúkọ yẹn. Ó dùn mọ́ mi bíi pé òun ló sọ mí lórúkọ.

Àbúrò mi wọlé tọ̀ mí wá lákòókò ìsinmi. Kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́líìtì ti ń jẹ ara irin ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá wo etí ẹ̀."

"Mo ti rí i."

"Ẹ̀gbin tó gan mọ́ rólà ìdí ẹ̀ ti nípọn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ọ̀pá yẹn ò ràn án mọ́. Tó bá kan ibẹ̀, ṣe ló ń já a gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ jẹ́ ká pa á ní ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Wọn ò tíì yan ẹni tó máa jókòó. Tí wọ́n bá yàn mí tán, pa á, kó o sùn lé e lórí."

"Ọwọ́ àwọn èèyàn ńkọ́?"

"Ọwọ́ ta ló ti gé?"

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. "Igi ganganran má gùn-ún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó."

"Wò ó," mo ní, "tó o bá tún pòwe kan fún mi, mà á sọ fún màmá pé iṣẹ́ ti sú ẹ. Ìwọ tí wọ́n kó máṣíìnì fún, o tún fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ mi?"

Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máṣíìnì ṣì wà níkùn mi. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ yẹn, ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan ni.

Òun ló sọ fún màmá fúnra ẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nílé màmá, àbúrò mi ń ka ìwé ìròyìn fún màmá bó ṣe máa ń ṣe, ni màmá bá ní kó dákẹ́ ná.

"Àbúrò ẹ ní ẹ̀rù ń ba òun níbi iṣẹ́. Kí ló dé?"

Mo ti múra sílẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. "Màmá, ṣe ló ń tàbùkù mi lójú àwọn tí mò ń darí. Tí mo bá ní ká lọ sọ́tùn-ún, á ní òsì. Wọ́n ti ń sọ pé mi ò lè darí ọmọ ìyá mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ darí wọn?"

Màmá yíjú sí ibi tó ti gbọ́ ohùn àbúrò mi. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ò lè tì ẹ́ síná. Ohun tó bá ní kó o ṣe ni kó o ṣe. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Ó gbé ìwé ìròyìn, ó ń kà á lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ojú màmá ò lè rí i. Tàbúrò mi rí i.

Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, máníjà kó àlejò wá, àwọn ọkùnrin tó dé akoto funfun, tí wọ́n fẹ́ ra àwọn ike tá à ń ṣà. Láìnì mi ló ní òun máa fi hàn wọ́n. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá láìnì míì.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lápá kejì, bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọ̀rá gígùn kan ti lọ́ mọ́ rólà ìdí ẹ̀, bẹ́líìtì ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, agolo ń dà sílẹ̀ gbalaja. Mo rìn lọ bá àbúrò mi.

"Lọ fa ọ̀rá yẹn jáde."

"Ẹ fún mi ní àgádágodo mi."

"Ṣó ò rí àlejò ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Kò ní í pẹ́."

Mo sún mọ́ ọn, mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ni màmá wí? Ohun tí mo bá ní kó o ṣe ni kó o ṣe. Àbí o ti gbàgbé?"

Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn ẹ̀. Ó mú ọ̀pá, ó lọ.

Ó kúnlẹ̀ nídìí rólà tí mo ti yọ irin ìbòrí ẹ̀. Ọ̀pá náà ṣe bó ṣe sọ pé ó ń ṣe: ó já a gbà. Ìbọ̀wọ́ ẹ̀ bá ọ̀pá lọ, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ bá ìbọ̀wọ́ lọ. Kò pariwo lákọ̀ọ́kọ́. Ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pa á."

Èmi ni mo sún mọ́ bọ́tìnnì jù. Tí mo bá na apá, mo ti kàn án. Mo wo àwọn àlejò ná.

Ẹ jẹ́ n tún un kọ, kẹ́ ẹ má bàa rò pé ẹ ṣì í kà. Àbúrò mi ń pè mí, bọ́tìnnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo kọ́kọ́ yíjú wo àwọn àlejò, bóyá wọ́n ti rí wa. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, ó ti ń pariwo. Bàbá Páálí ló sáré kọjá lára mi, tó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́tìnnì náà.

Láìnì mi dúró.

Mi ò ní í sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ẹ̀jẹ̀ ta sí mi ní bàtà. Máníjà sáré dé, ojú ẹ̀ ti pọ́n, kì í ṣe àbúrò mi ló ń wò, èmi ló ń wò.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ẹnu mi yá ju ẹsẹ̀ mi lọ. "Kò kọ́ àgádágodo ẹ̀, sà. Mo ti kìlọ̀ fún un títí. Ó lórí kunkun."

Àbúrò mi wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń gbọ́. Bàbá Páálí tó fi ṣẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ di apá fún un gbójú sókè wò mí, ó sì tún gbójú sílẹ̀. Ọmọ ló ní tó ń bọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Irọ́ ti jáde, ó wá ku ibi tó máa gbé. Tí wọ́n bá máa gbà pé òun ló kọ̀ tí kò lo àgádágodo, a jẹ́ pé inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kó ẹrù ẹ̀ sí níbi iṣẹ́ ló yẹ kí wọ́n ti bá àgádágodo náà. Ó sì wà lára òrùka mi. Nígbà tí iṣẹ́ parí, oníkálùkù wọlé wá mú tiẹ̀. Mo ní kẹ́ni tó bá mọ̀ pé òun ò fẹ́ràn iṣẹ́ òun kó la ẹnu. Ó wá ku òrùka àti àgádágodo kan tó ń mì dirodiro, fọ́tò àbúrò mi lára ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó lè ṣí i wà lọ́rùn ẹ̀ ní ọsibítù.

Mo gba ọsibítù lọ.

Wọ́n ti gé ọwọ́ náà láti òkè ìgúnpá. Ó dùbúlẹ̀, ó pajú dé. Màmá wa jókòó tì í, ó ń fọwọ́ wá ibi tí báńdéèjì parí sí, bí ẹni tó ń wọn aṣọ. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi, ó dìde, ó dì mọ́ mi.

"Ọlọ́run á ṣìkẹ́ ẹ," ó ní. "Ká ní o ò sí níbẹ̀, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yìí?"

Mo gbà á mọ́ra. Mo ṣe àmín. Mo ní kó bá nọ́ọ̀sì jáde lọ fọ ojú ẹ̀, kó sinmi, pé èmi á jókòó tì í.

Nígbà tí wọ́n jáde, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ àbúrò mi bí ẹni tó fẹ́ nu ojú fún un. Mo ṣí ọrùn aṣọ ẹ̀. Tépù náà wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Ó há sábẹ́ ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀, kò ṣe é bọ́, mo sì ń bẹ̀rù kó má jí. Sáàsì kékeré wà lórí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń gé báńdéèjì. Mo gé e. Mo fà á yọ díẹ̀díẹ̀, tòun ti kọ́kọ́rọ́. Omi kan yọ ní igun ojú ẹ̀, ó ṣàn wọ etí lọ. Mo ní ìrora ni. Mo gbàgbé ohun tí àwọn àgbà wí, pé béèyàn bá ń sunkún, ó máa ń ríran.

Mo ṣí àgádágodo náà, mo ju òun àti kọ́kọ́rọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀. Tépù ẹlẹ́jẹ̀ ò ṣe é fi síbẹ̀. Mo fi bébà ìnujú wé e, mo kì í bọ ìsàlẹ̀ báàgì mi, mo ní tí mo bá délé mà á sun ún. Mo délé, mi ò sun ún, ó ń gbé nínú báàgì náà. Tépù màmá mi ni. Ọwọ́ tó gé e lọ́rùn ẹni tó ń kú lọ kọ̀, kò sun ún. Ẹ wo irú èèyàn.

Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà, wọ́n bá ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n bá. Máníjà fà mí jókòó sórí àga tó ń yí. Ó tutù lábẹ́ mi, ó sì rọ̀. Ilé iṣẹ́ ní ẹ̀bi àbúrò mi ni, pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí owó gbà-má-bínú kankan tó tọ́ sí i. Ó wá ku kí obìnrin tó ń mójú tó ààbò gbọ́ tẹnu ẹ̀, kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà dé.

Wọ́n pè wá jọ sí yàrá ìpàdé. Máníjà wà níbẹ̀, Bàbá Páálí àti àwọn ará láìnì jókòó sẹ́yìn. Àbúrò mi wọlé, apá aṣọ ẹ̀ kan ṣófo, wọ́n fi abẹ́rẹ́ há a sókè. Òun ló ń fi ọwọ́ tó kù mú màmá wa wọlé. Mo dìde fún wọn, mo fa àga fún màmá, mo jókòó tì í.

"Ṣé ìwọ lo ni àgádágodo yìí?" obìnrin tó ń mójú tó ààbò bi àbúrò mi.

"Èmi ni mo ni ín, mà."

"Inú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ la ti bá a, tòun ti kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Kí ló dé tó ò lò ó?"

Àbúrò mi yíjú sí mi. Ó wò mí. Ó pẹ́ tó fi wò mí.

"Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mà. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀."

Gbogbo ojú yí sí mi. Ibẹ̀ ni àyè ti ṣí sílẹ̀ fún mi, ẹ̀yin òǹkàwé. Ó ṣí i sílẹ̀ fún mi fúnra ẹ̀. Mo mi orí.

"Ó dùn mí láti sọ ọ́," mo ní. "Àbúrò mi kì í gbọ́rọ̀. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀."

Màmá wa bú sẹ́kún. Mo fọwọ́ rọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi gẹ́gẹ́ bí ọmọ gidi. Mo gbé báàgì mi lé e lẹ́sẹ̀, mo ti gbàgbé ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ẹ mú áńkáṣíìfù nínú báàgì mi, ẹ fi nujú."

Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tí ò ríran, ìsàlẹ̀ báàgì ló máa ń wá nǹkan dé. Mo rí i tí ọwọ́ ẹ̀ dúró. Ó fa tépù náà jáde díẹ̀díẹ̀, bébà ìnujú ń já lára ẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìlà ara ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

"Tépù mi rèé," màmá wí. "Èyí tó wà lọ́rùn àbúrò ẹ." Ó gbé e sí imú. "Kí ló le báyìí lára ẹ̀?"

Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó kan ojú ibi tí sáàsì ti gé e.

"Ta ló gé e?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," àbúrò mi dáhùn. Ohùn ẹ̀ ò lọ sókè. "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ fọ ojú yín ní ọsibítù. Mi ò sùn, mà. Mò ń wò wọ́n. Mo ní kí n dákẹ́, bóyá wọ́n á sọ ọ́ fúnra wọn."

Bàbá Páálí dìde lẹ́yìn. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," ó ní. "Èmi ò lè dákẹ́ mọ́." Ó sọ ti òrùka irin. Òun sọ ọ́ tán, ẹlòmíì gbà á lẹ́nu ẹ̀, òmíràn tún gbà á. Obìnrin tó máa ń pè wọ́n ní ọmọ dáadáa bo ojú ẹ̀.

Mo yíjú sí máníjà. Òun ló ní òun fẹ́ láìnì tí kì í dúró. Ó ti ń tún táì ẹ̀ ṣe.

"Èmi ò sọ fún un pé kó gba àgádágodo ẹnikẹ́ni," ó wí. "Ẹ gbé e jáde."

Màmá wa yíjú sí mi. Ojú tí kò ríran yẹn, ó dúró sí ibi tí ojú mi wà gẹ́lẹ́.

"Mo sọ fún un pé o ò lè tì í síná," ó ní. "Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹnu mi yìí." Ó gbá ara ẹ̀ létí, níwájú gbogbo wọn. Àbúrò mi ló di ọwọ́ ẹ̀ mú.

Wọ́n fún àbúrò mi ní ohun tó tọ́ sí i. Ó ra nǹkan tó pọ̀ sílé màmá, àmọ́ ó ta máṣíìnì. Wọ́n fẹ́ fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, òun ló ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo rò pé àánú mi ló ṣe é. Mo ra nǹkan, mo gba ilé màmá lọ láti lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn bí ọkùnrin.

Géètì irin wà níwájú ilé náà. Wọ́n ti tì í láti inú, àgádágodo tí wọ́n sì fi tì í, mo mọ̀ ọ́n. Káàdì ẹ̀ kọjú síta. Fọ́tò àbúrò mi ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín: ÈMI NI MO WÀ NÍBÍ. ÈMI NÌKAN NI MO LÈ ṢÍ I.

Mo pè. Ó jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí mi lẹ́yìn irin.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"Ṣí i fún mi. Mo fẹ́ rí màmá."

Ó súnmọ́ irin, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí mo ṣe rẹ ti mi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. "Tépù nìkan ni màmá mọ̀. Wọn ò mọ̀ pé mo pè yín, pé ẹ kọ́kọ́ wo àwọn àlejò. Tí mo bá ṣí i, mà á sọ ọ́ níṣojú yín. Ṣé kí n ṣí i?"

Kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́rùn ẹ̀, lórí okùn míì. Ó mú un dání, ó ń dúró dè mí.

Mo mi orí.

Màmá pariwo látinú yàrá, "Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà."

Ohùn màmá tún jáde.

"Ṣé àgádágodo wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Ó dáa."

Mi ò ní kó ṣí i mọ́, mo gbé nǹkan tí mo rà sílẹ̀, mo bá tèmi lọ. Ìwé ìròyìn yìí ni màmá mi fẹ́ràn jù, tí àbúrò mi sì máa ń kà sí i létí lọ́jọ́ ìsinmi, láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ó máa dé orí èyí. Ó máa mọ̀ pé èmi ni. Tó bá dé ibi tí mo ti wo àwọn àlejò, ó lè kà á, ó lè fò ó. Èmi ti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo mọ̀ pé tí mo bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á fò ó nítorí mi.